Irin Inú Ìrẹsì Ìkórè: Ìgbésí Ayé Olóògbé Jedidiah Olúbọ̀dé Ṣóẹ̀tán (1953–2025)

Tá-tá, tá-tá-tá, bí ẹ̀pà tí ń dún nínú àgbada gbígbóná. Ìró yìí ni àwọn tó mọ Jedidiah ní kékeré fi ń rántí rẹ̀, ṣíwájú ohùn rẹ̀, ṣíwájú ìrìn rẹ̀. Èérún irin ni, tó ń já bọ́ láti inú ihò sínú abọ́ tánganran tí ọ̀gá rẹ̀ gbé sábẹ́ ẹ̀rọ léètì ní Ìjemọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ní ọdún 1970, kó lọ jìnnà bó ṣe wù ú, kó lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, bí òjò bá ti ń lu gíláàsì fèrèsé, Ìjemọ̀ ni yóò máa gbọ́.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin tí ẹ ti Ọ̀fàdà àti Òṣíẹ̀lẹ̀ wá, ẹbí Ṣóẹ̀tán kí yín, ẹ kú àdúrótì. Túbọ̀sún, ẹ̀gbọ́n olóògbé, tó ti wà ní ìlú Leeds láti ọdún 1974, ni ẹbí ní kó kọ ìtàn yìí. Nítorí pé àbúrò ló jẹ́ fún un, ẹ gbà wá láyè kí a máa pè é ní "ó" bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Olóògbé sì ti sọ fún wa ṣáájú pé bí a bá máa ka ìtàn òun létí ibojì, kí a kà á tán, kí a má fi ibì kan pamọ́.

A bí Jedidiah Olúbọ̀dé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1953, ní agboolé Ṣóẹ̀tán, Ìjemọ̀, Abẹ́òkúta. Timothy Ṣóẹ̀tán ni bàbá rẹ̀, tíṣà ilé ìwé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó tún ń darí akọrin. Moyọ̀sọ́rẹ ni ìyá rẹ̀, ọmọ Ọ̀fàdà, tí gbogbo ìdílé rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju oko ìrẹsì lọ. Bàbá lè jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó di ojú, kí ó nàka sí ẹnì kan ṣoṣo tí ohùn rẹ̀ yà nínú ogójì akọrin. Etí yẹn ni Jedidiah jogún. Kò jogún ohùn ní tirẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ orin ní ìdí ìjókòó, Bàbá á wò ó, ọmọ á sì pa ẹnu dé jẹ́ẹ́.

Ó ka ìwé mẹ́fà ní ilé ìwé ìjọ ní Ìjemọ̀, ó sì parí ìwé Módàn ní ọdún 1969. Bàbá fẹ́ kó di akọ̀wé, kó máa wọ táì, kó máa wọkọ̀ lọ Èkó láàárọ̀ bí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó rí ọ̀nà gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti rí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ọláṣẹ̀hìndé, tó ń fi léètì gbẹ́ irin. Bí ilé ìwé bá ti parí, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ló máa ń dúró sí títí oòrùn á fi wọ̀, tí a ó lọ fà á wálé létí.

Bàbá bi í pé, "Kí lo fẹ́ fi irin ṣe? Ṣé irin lo fẹ́ máa jẹ ni?"

Ó ní, "Ẹ sáà jẹ́ kí n lọ, sà."

Ní oṣù Kíní ọdún 1970, Bàbá fúnra rẹ̀ mú un lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni alágbẹ̀dẹ kan ní Ìtòkò mú ọmọ tirẹ̀ wá. Síkírù ni orúkọ ọmọ náà. Orí ẹní kan náà ni àwọn méjèèjì sùn ní ṣọ́ọ̀bù, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti jẹun, wọ́n sì di ọ̀rẹ́ tí a kì í rí ọ̀kan kí a má béèrè èkejì.

Kí a la iṣẹ́ wọn yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ léètì ni wọ́n fi ń gbẹ́ irin: irin á máa yí, ọ̀bẹ á dúró, á máa ha á. Bí ọ̀bẹ bá ń ha ẹ̀yìn irin, èérún tó ń bọ́ rí ilẹ̀ bọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gbẹ́ inú ihò, pàápàá ihò tó ní ìdí bí ife, èérún kò rí ọ̀nà gbà. Bó bá gùn, á lọ́ mọ́ ọ̀pá tó di ọ̀bẹ mú, á máa họ ara ihò kiri, á sì lọ dì sí ìdí. Bó bá já wẹ́wẹ́ bí èékánná tí a gé, á bọ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Nítorí náà ni Ọ̀gá Ọláṣẹ̀hìndé kò fi ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju "Jẹ́ kó já" lọ. Bí ọmọṣẹ́ bá ń bẹ̀rù, tó ń gé irin tín-ín-rín tín-ín-rín kí ara ihò lè dán, Ọ̀gá á ké sí i láti ìta: "Ọ̀bẹ tí kò yó, òwú ló ń ran. Fún un lóúnjẹ. Tì í wọlé, dúró, tì í wọlé, dúró. Jẹ́ kó já."

Ìta ló máa ń wà nígbà yẹn, nítorí ojú rẹ̀ ti ń fọ́. Orí àga onígi kan lẹ́nu ọ̀nà ló ń jókòó sí, etí ló fi ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ìró èérún tó ń bọ́ sínú abọ́ tánganran ló fi ń mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ àti bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ní ọdún 1973, Jedidiah ń gbẹ́ inú irin kan fún ẹ̀rọ ìfami. Ọwọ́ rẹ̀ bá a lọ lọ́jọ́ yẹn lọ́nà tí kò bá a lọ rí: tá-tá, tá-tá-tá, láìyẹsẹ̀. Túbọ̀sún gbé oúnjẹ wá fún un láti ilé, ó sì dúró, kò lè kúrò.

Ọ̀gá gbé orí sókè níta. Ó ní, "Síkírù, ọwọ́ rẹ ti dára. Ọlọ́run á bù kún un."

Síkírù tó ń gbálẹ̀ dáhùn, "Ọ̀gá, èmi kọ́ o. Jẹ́dì ni."

"Jẹ́dì?" Ọ̀gá fi etí sílẹ̀ díẹ̀ sí i. "Háà. Ó jọ ti Síkírù."

Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ. Ọ̀gá gbàgbé rẹ̀ kó tó di alẹ́. Síkírù fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Jedidiah kò jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé wá fún un, kódà ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pè é lórí fóònù ní ọjọ́ Ìsinmi, ó lè máa sọ ọ̀rọ̀ epo tàbí ọ̀rọ̀ ìbò lọ, kó sì yà bàrà: "Bọ̀dá, ẹ rántí ọjọ́ tí Ọ̀gá ní ó jọ ti Síkírù?"

Ó gba ìyọ̀ǹda iṣẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá ní ọdún 1975. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1980, ó gbé Mosúnmọ́lá níyàwó, tíṣà ni bíi bàbá ọkọ rẹ̀. Ní 1983, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ ló ti ń ṣe búṣì fún àwọn ẹ̀rọ tí ń bó ìrẹsì ní Ọ̀fàdà, ní ìlú ìyá rẹ̀. Búṣì ni irin tó dà bí òrùka nípọn, tó ní ìdí bí ife, tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀. Bí inú rẹ̀ kò bá gún régé, ẹ̀rọ á pariwo, ìrẹsì á fọ́. Ti Jedidiah máa ń gún régé. Àwọn ọmọṣẹ́ tó kọ́ wà káàkiri Ògùn títí dé Sàgámù. Nínú ìjọ, òun ló tún irin tí agogo ńlá fi ń mì ṣe, kò gba kọ́bọ̀. Òun ló gbẹ́ irin tuntun fún ẹ̀rọ ìfami àdúgbò nígbà tó kọṣẹ́, òun náà ni olórí àwọn atọ́nisọ́nà fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ ojú tó fi ń wo ènìyàn.

Síkírù ní tirẹ̀ gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Ọ̀tà. Kùtùkùtù ló ń wọkọ̀, nínú aṣọ iṣẹ́ búlúù tí wọ́n ṣe orúkọ rẹ̀ sí láyà, ọkọ̀ náà sì máa ń kọjá níwájú ilé Jedidiah.

Jedidiah á ní, "Ẹ wò ó. Wọ́n kọ orúkọ fún un sáyà. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti ń gbàgbé rẹ̀."

Mosúnmọ́lá á ní, "Bàbá Oyíndà, ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ kì í jẹ ẹ̀kọ tán kí ẹ má dárúkọ Síkírù. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, ǹ bá ti kó lọ."

Ó á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a ó tún gbọ́ ọ lọ́la. Bí ọmọ Síkírù bá yege ìdánwò, ó á béèrè iye ọmọ tó jókòó ìdánwò náà. Bí Síkírù bá lọ Mẹ́kà, ó á ní ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣe ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí wọ́n bá pàdé, wọn á dì mọ́ra, wọn á máa pe ara wọn ní Jẹ́dì àti Síkí bí ọmọdé. Ọ̀rẹ́ náà kì í ṣe irọ́. Owú náà kì í ṣe irọ́. Inú ilé kan náà ni ọ̀rẹ́ àti owú ń gbé.

Ní ọdún 2016, lẹ́yìn tí Síkírù fẹ̀yìn tì, ó kó owó rẹ̀ jọ, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nítòsí, ó sì ra ẹ̀rọ léètì oníkọ̀ǹpútà kan, tòkunbọ̀. Lọ́rí gbé e kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Òṣíẹ̀lẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó fẹ̀ bí yàrá, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Gbogbo ọmọṣẹ́ sá jáde lọ wò ó. Jedidiah yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí ògiri.

Síkírù fúnra rẹ̀ wá pè é lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. "Jẹ́dì, wá wo nǹkan. Má jẹ̀ẹ́ kí n máa nìkan jẹ ẹ́."

Wọ́n jọ dúró níwájú ẹ̀rọ náà. Síkírù tẹ bọ́tìnnì, ilẹ̀kùn rẹ̀ padé. Nínú gíláàsì, ọ̀pá wọ inú irin, ó gé, ó dúró ní ìwọ̀n ìmí kan, ó gé, ó dúró. Omi funfun ń tú jáde láti inú ọ̀pá náà gan-an, ó ń gbá èérún jáde. Wọ́n ń bọ́ tá-tá, tá-tá-tá, kúkúrú kúkúrú, gbogbo wọn bákan náà.

Síkírù ní, "Ohun tí Ọ̀gá kọ́ wa ni mo kọ sínú rẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn. Ó ń jẹun yó, ó ń dúró mí."

Jedidiah ní, "Ẹ̀rọ kì í mí."

"Eléyìí ń mí."

"Kú iṣẹ́ o," ni Jedidiah wí, ó sì lọ sílé.

Ṣùgbọ́n kò lọ tán. Mosúnmọ́lá ló sọ fún wa pé, fún oṣù bíi mélòó kan, bí ó bá fẹ́ lọ ra epo tàbí búrẹ́dì, ó máa ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Síkírù, ó á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á dẹ etí. Ó ń ṣe é bí ọkùnrin tó gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ nílé ẹlòmíràn. Ìró tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá, ìró tí Ọ̀gá gbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì gbé e fún ẹlòmíràn, ó ń jáde níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, láìrẹ̀, láìyà, nígbà tí ọrùn ọwọ́ tirẹ̀ ti ń dùn ún, tó jẹ́ pé ó ń fi òróró pa á kó tó lè di kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ mú. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù pé, "Bọ̀dá, kò tilẹ̀ jókòó tì í. Ó ń mu tíì lọ́wọ́."

Ẹni tó kàn ni Àfúsá, tó ni ilé ìbórẹsì ní Ọ̀fàdà. Ó wà níbí pẹ̀lú wa, ó sì ní kí a sọ ọ́. Ní ọdún 2021, búṣì méjèèjì ara ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ. Títí di ìgbà yẹn, Jedidiah nìkan ló ń ṣe é fún un. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé méjì wá ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀kan sílẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Oyíndà, ẹ ṣe ọ̀kan, kí Alhaji Síkírù ṣe ìkejì. Ọmọ ọ̀gá kan náà ni yín. Bí mo bá kó méjèèjì fún ẹnì kan, a jẹ́ pé èmi ni mo da ilé rú."

Jedidiah ní kò burú. Ó ṣe tirẹ̀, bí Ọ̀gá ṣe kọ́ ọ, ó ṣe é dáadáa. Nígbà tí Àfúsá wá gbà á, ti Síkírù ti wà nínú báàgì rẹ̀. Ó kó méjèèjì sórí tábìlì, ó tan iná fóònù sínú wọn. Àfúsá kò ní ohun kan lọ́kàn nígbà tó ní, "Ẹ wò ó, ti Alhaji ń dán bí awòjíìjí."

Jedidiah na ọwọ́. "Gbé tèmi wá. Mi ò tíì parí rẹ̀."

Ó ti parí rẹ̀. Ó dá a padà sórí ẹ̀rọ, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe láti ìgbà ọmọṣẹ́: ó gé e tín-ín-rín, tín-ín-rín bí ẹni ń fá irun ọmọ tuntun, kí ó lè dán ju ti Síkírù lọ. Ó dán. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kò yó, ó ran òwú. Irin náà jáde ní gígùn, ó wé mọ́ ọ̀pá bí irun, ó ń lọ sí ìdí ihò. Kò sí tá-tá kankan. Abọ́ dákẹ́. Jedidiah fi ìkọ́ fa èyí tó rí jáde, ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó fi àkísà nu ún, ó tan iná sí i. Àfúsá ní, "Ó pọ̀ jù, Bàbá. Ó ti wá ju awòjíìjí lọ." Lójoojúmọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ní inú rẹ̀ dùn.

Àfúsá ní àṣà kan. Ìrẹsì àkọ́bó, lẹ́yìn tí wọ́n bá tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, òun kì í tà á. Sàráà ni. Mùsùlùmí ni òun, ṣùgbọ́n ilé ìsìn ẹni tó bá ṣiṣẹ́ náà ló ń gbé e lọ. Lọ́dún yẹn, ó pín in: àpò kan lọ sí mọ́ṣáláṣí Síkírù, àpò kan wá sí ìjọ wa fún ìkórè.

Ọjọ́ ìkórè, oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn ìsìn, ìjọ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n bu ìrẹsì náà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata inú ewé. Mosúnmọ́lá jẹ ẹ́ díẹ̀, ó dúró, ó fi ìka méjì sẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan jáde. Ó fà á, ó fà á. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lórí ahọ́n rẹ̀. Irin ni, ó lọ́ bí irun, ó ń tàn yanran. Bí ènìyàn bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà.

Ìyá kan nínú ìjọ ní, "Òkúta la mọ̀ mọ́ ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ṣé irin náà ti dé ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mosúnmọ́lá gbé irin náà lé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ láàárín gbogbo wọn. "Bàbá Oyíndà, ẹ̀yin lẹ mọ irin. Kí lèyí?"

Ó mọ̀ ọ́n kí ó tó kàn án lọ́wọ́, bí ènìyàn ṣe ń mọ ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ti Síkírù kì í gùn ju èékánná lọ. Eléyìí gùn. Ó wé e mọ́ ìka, ó sì fi sí àpò agbádá.

Àfúsá wá lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe ọ̀kan, Alhaji ló ṣe ìkejì. Nínú ti ta ló ti bọ́?"

Jedidiah wo ìta. Ó ní, "Àfúsá, ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà kò ní ojú."

Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tó. Ọ̀rọ̀ náà dé Ọ̀fàdà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Oníbórẹsì kan gbọ́, ó sọ fún èkejì, ó sì di pé àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún Síkírù ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀.

Síkírù wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n bu omi fún un. Kò bínú, kò gbé ohùn sókè.

"Jẹ́dì, wọ́n ní ìwọ lo rí irin yẹn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé ó gùn ni, àbí ó kúrú?"

Jedidiah ní, "Mi ò wọ̀n ọ́n."

Síkírù wò ó títí. Ó ní, "Kò burú," ó sì dìde. Omi tí wọ́n bu fún un wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e sílẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, tapólì ló bo ẹ̀rọ Síkírù. Adìẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo búṣì Ọ̀fàdà padà sọ́dọ̀ Jedidiah, ó gba gbogbo ohun tó ń jowú lé lórí, kò sì lè jẹ ẹ́. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Síkírù kọjá bó ti ṣe ń ṣe, ó ń dúró tì ògiri, ṣùgbọ́n kò sí ìró kankan níbẹ̀. Ó sọ fún Túbọ̀sún ní ọjọ́ Ìsinmi kan pé, "Bọ̀dá, kò dùn. Bí a ò bá gbọ́ ọ, kò dùn."

Irin náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú agolo Rọ́ọ̀bù kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òróró ọwọ́ rẹ̀. Mosúnmọ́lá mọ̀. Kò bi í ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìkórè yẹn, kò se ìrẹsì Ọ̀fàdà nínú ilé náà mọ́.

Ní òpin ọdún 2024, àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti apá kan ẹnu rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sí yàrá iwájú. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, oṣù Kejì ọdún yìí, ó ní kí Oyíndà, ọmọ rẹ̀, gbé fóònù wá. Oyíndà ní kó sọ ọ́ kí òun bá a tẹ̀ ẹ́. Ó mi orí. Ìka òsì kan ló fi ń wá lẹ́tà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀, títí tí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá, tí wọ́n sì tún gbé e padà. Kò fi ránṣẹ́ sí Síkírù nìkan. Ó fi sí orí WhatsApp àwọn oníbórẹsì Ọ̀fàdà, níbi tí Àfúsá wà, tí Síkírù wà, tí gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Síkírù dé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. A kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Ohùn Síkírù nìkan ló ń lọ, lẹ́yìn náà ni Mosúnmọ́lá gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì. Síkírù jáde, ó ní kí wọ́n fún òun lómi, ó sì mu ún tán. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n lé adìẹ kúrò, tí wọ́n ká tapólì. Síkírù pe fóònù Oyíndà, ó ní kó gbé e sí etí bàbá rẹ̀, ó sì tan ẹ̀rọ. Oyíndà ní òun kò gbọ́ ju tá-tá lọ. Ó ní bàbá òun di ojú, bí ẹni tó jókòó sẹ́yìn akọrin.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, Jedidiah Olúbọ̀dé Ṣóẹ̀tán sùn nínú Olúwa, ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

Ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, Mosúnmọ́lá. Àwọn ọmọ, Oyíndà, Tolúlàṣẹ àti Àyànfẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ, Àràmídé àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Túbọ̀sún, tí ara kò jẹ́ kó lè wá. Àti Síkírù, tó jókòó ní ìlà kìíní lónìí láàárín ẹbí, níbi tí olóògbé ní kí a fi í sí.

Jẹ́dì, ọmọ Moyọ̀sọ́rẹ, ilẹ̀ Ìjemọ̀ tó bí ọ kó tù ọ́ lára bí ẹní. Kí ọrùn ọwọ́ rẹ má dùn ọ́ mọ́. Bí o bá rí Ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, kí etí rẹ̀ mọ̀ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Sùn ire, àbúrò wa.

Iṣẹ́ tó fi rán sí wọn nìyí, bó ṣe tẹ̀ ẹ́, a kò fi nǹkan kan kún un:

"Èmi Jedidiah ni. Àfúsá, má bínú. Irin inú ìrẹsì ìkórè wà lọ́wọ́ mi, mo ti ya fọ́tò rẹ̀ sísàlẹ̀ yìí, kí gbogbo yín wò ó. Ẹ gbé iṣẹ́ yín padà fún Síkírù. Síkí, o bi mí ní ìbéèrè kan, mi ò dá ọ lóhùn. Ó gùn."